Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé wa ní Ìgbẹ́tì. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí àwọn tí kò lè wá náà lè gbọ́ ọ.)

  

Nígbà tí Ìyálọ́jà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ kóńgò ni, tàbí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Wọ́n ní rárá o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀nà ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lojú ẹ rí i, ìwọ ni kó o sọ ọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já díẹ̀, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan èmi fúnra mi, ó sì kan ẹnì kan tó jókòó sáàárín wa níbí. Mo ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dìde. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun.

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí a bá ń pa á, ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé oríṣiríṣi ọ̀nà lèèyàn lè gbà ṣe nǹkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí á gbọ́ òwe yẹn bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ pa á. Ojú ọjà lẹni yẹn dúró sí. Ó rí àwọn tó ń ti ìhín bọ̀, ó rí àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀. Ó mọ̀ pé bí ọjà bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí igi bá wó dí ọ̀nà yẹn, ọjà tú nìyẹn.

Páànù àti ìsọ̀ nìkan ò lè di ọjà. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń sọ ọ́ di ọjà. Ẹ rántí ibi tí ìjọba kọ́ ìsọ̀ aláràbarà sí ní ìlú kan àti òmíràn, tí ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀. Kí ló fà á? Èèyàn ò gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹni tó ń lọ sílé ọkọ ọmọ rẹ̀, tó kọjá níwájú ìsọ̀ yín, tó rántí pé iyọ̀ ti tán nílé, ẹni yẹn ni oníbàárà. Bí ọ̀nà bá gbé e gba ibòmíràn, iyọ̀ yín ò rí i.

BÍ ÀWỌN BÀBÁ WA ṢE LA Ọ̀NÀ

Ẹ jẹ́ kí á wẹ̀yìn díẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé ò jìnnà sí wa níbí, inú igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dáàbò bo ẹranko ló wà báyìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton dé ibẹ̀, nígbà tí Aláàfin ṣì ń jókòó níbẹ̀. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní odi ìlú náà fẹ̀ yíká tó nǹkan bíi máìlì 15, ó ní ẹnu ibodè mẹ́wàá, ó sì ní ọjà méje ni wọ́n ń ná nínú ìlú ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa: ibodè mẹ́wàá, ọjà méje. Ìlú tó ní ọ̀tá ni o. Ẹni tí ẹ̀rù ogun ń bà ìbá ti fi ibodè méjì mọ kó lè rọrùn fún ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ṣí mẹ́wàá. Èmi rò pé wọ́n mọ̀ pé ìlú ńlá tí ọ̀nà rẹ̀ kéré, ebi lè kọ́kọ́ pa á kí ogun tó dé.

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀. Ààfin wà láàárín, ọjà ọba wà níwájú ààfin, ọ̀nà tó ti ibodè kọ̀ọ̀kan bọ̀ á wá pàdé níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àwọn ìlú wa, tó sì ṣe aláìsí ní 2022, ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1968. Àwọn bàbá wa níbí náà, orí òkè tí à ń wò yìí ni wọ́n fi ṣe odi nígbà ogun. Nígbà tí ogun tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní tí òkè ò ní? Ó ní àyè ọjà, ó ní ọ̀nà. Ọ̀nà Kíṣí, ọ̀nà Ìgbòho, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́: àwọn ló ń gbé iṣu wá fún wa, àwọn náà ló ń gbé èlùbọ́ wa lọ.

BÍ ÌLÚ ṢE Ń FẸ̀ BÁYÌÍ

Wàyí o, ìlú ń fẹ̀. Inú wa dùn sí i. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo wa yìí lé ní 80,000, gbogbo wa la sì mọ̀ pé a ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa báyìí. Òkúta mábù ń mú àlejò wá. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó ń fowó ránṣẹ́ wálé láti kọ́lé. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gúsí nígbà tí mo wà lọ́mọge ti di àdúgbò.

Ṣùgbọ́n báwo là ṣe ń ta ilẹ̀? Mọ̀lẹ́bí kan ní ilẹ̀ oko. Ìnáwó ìsìnkú dé, tàbí owó ilé ìwé. Wọ́n gé plọ́ọ̀tì méjì tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gé mẹ́rin. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní òòró. Wọ́n fa okùn, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, owó wọlé. Mọ̀lẹ́bí tí oko wọn bá tiwọn pààlà náà ń gé tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé, "Níbo ni ọ̀nà tiyín ń lọ, kí tiwa lè lọ pàdé ẹ̀?" Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wọ àdúgbò tuntun, tí ẹ rìn lọ rìn lọ, tí ẹ bá ògiri, tí ẹ yí padà. Ilé pọ̀ lọ súà, ọ̀nà ò já.

Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ ńkọ́, tí àwọn ìyá fi ń ru ẹrù láti abà wá sọ́jà, tí àwọn ìyá Fúlàní fi ń gbé wàrà wọlé? Ọ̀nà yẹn ò sí nínú ìwé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òun la sì ń kọ́kọ́ pa.

OHUN TÍ ÈMI NÁÀ ṢE

Èmi náà pa ọ̀kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dájọ kí n tó rí owó plọ́ọ̀tì kan. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi. Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé, "Ọ̀nà yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, ọ̀nà ẹsẹ̀ kọ́ ni títì. Ẹ kọ́lé yín jàre." Inú mi dùn sí èsì yẹn, torí òun ni mo fẹ́ gbọ́.

Mo kọ́lé. Mo fi búlọ́ọ̀kù mọ fẹ́ǹsì yí i ká, mo gbé géètì síwájú. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá tó ń ti abà bọ̀ dé, wọ́n bá ògiri. Wọ́n sọ ẹrù, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún gbé e rù, wọ́n yí ká. Wọn ò bú mi. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kí mi pé mo kú oríire ilé tuntun.

Ọdún kejì, nígbà ọyẹ́, iná sọ lẹ́yìn ilé mi. Ilé ẹlẹ́gbẹ́ wa kan ni, ẹlẹ́lùbọ́ bíi tèmi. Àwọn àpò iṣu gbígbẹ rẹ̀ wà nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe rí: ẹyin iná kékeré kan, afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó parí.

Kànga tó sún mọ́ wọn jù wà níwájú ilé mi. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà àtijọ́ yẹn ṣì wà, láti kànga dé ilé ìyá yẹn ò tó ìṣẹ́jú méjì. Ògiri mi ló wà láàárín. Àwọn ọmọkùnrin ń pọn omi sínú garawa, wọ́n ń sáré yí gbogbo ìlà ilé wa ká kí wọ́n tó dé ibi iná, ìdajì omi ti dànù lọ́nà. Ẹnì kan sáré lọ pe tánkà omi. Tánkà dé, ọ̀nà tó gbà ò já, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Mo ṣí géètì mi gbayawu, ṣùgbọ́n géètì ò sí lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ọmọ fi máa fi òòlù lu ògiri yẹn dé ibi tí garawa lè gbà, òrùlé ti wó.

Kò sẹ́mìí tó bọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọjà odidi ọdún kan, tó jẹ́ pé àwìn ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, gbogbo rẹ̀ di eérú. Ọdún mẹ́ta ló fi san gbèsè yẹn. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, ìsọ̀ rẹ̀ àti ìsọ̀ mi dojú kọra. Kò bá mi jà lọ́jọ́ kan. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Òun ò jẹ́ kọ́kọ́ kí mi. Ẹ̀yin ìyá, ó sàn fún mi kó bú mi.

Mo wá pe bíríkìlà padà. Mo ní kó wó ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́ǹsì mi, kó sún un wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo lọ bá ẹni tó múlé tì mí, mo bẹ̀ ẹ́ kí òun náà fi mẹ́wàá sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ọ̀nà ti ṣí báyìí. Ọ̀kadà ń gbà á, Márúwá ń gbà á, àwọn ìyá abà ti padà. Ọmọ mi gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ń ta búrẹ́dì àti omi. Ibi tó jẹ́ ògiri lásán ti di ojú ajé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀nà náà ṣí, ìyá tí mò ń sọ yìí gba ibẹ̀ kọjá, igbá èlùbọ́ wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló kọ́kọ́ kí mi.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ẹ̀

Ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ kí á ṣírò ẹ̀. Ká ní plọ́ọ̀tì 20 tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. 50 lọ́nà 20 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Plọ́ọ̀tì 20 mìíràn fẹ̀yìn tì wọ́n, nítorí náà láti títì iwájú dé títì ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 200. Ilé yín wà láàárín gbùngbùn ìlà yìí, ibi tí ẹ ń lọ wà ní ọ̀gangan yín lẹ́yìn. Bí àlàfo ò bá sí, ẹ ó rin 500 dé ìpẹ̀kun ìlà, ẹ ó rin 200 bọ́ sí ẹ̀yìn, ẹ ó tún rin 500 padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200. Bí ọ̀nà bá gba àárín, 200 péré ni.

Àlọ àti àbọ̀ wá di 2,400 dípò 400. Ẹ ti fi ẹsẹ̀ bàtà 2,000 ṣòfò lójúmọ́ kan. Bí ẹ bá ń rìn ín lọ́jọ́ 300 lọ́dún, 600,000 ẹsẹ̀ bàtà ni, ó lé ní kìlómítà 180. Ó ju kéèyàn fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Èkó lọ. Ẹrù sì wà lórí o.

Kí ni ọ̀nà àárín yẹn ìbá ná wa? Ká sọ pé ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, mọ́tò kan á gbà á, ẹlẹ́sẹ̀ náà á rí ẹ̀gbẹ́ gbà. 20 nínú 1,000 ni. Bí àwọn plọ́ọ̀tì 20 tó wà ní ìlà bá pín in láàárín ara wọn, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló kan olúkúlùkù. Plọ́ọ̀tì tó jẹ́ 50 á di 49, gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gé e bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ta ilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun pàdánù nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti dúró tán, ẹni méjì ló máa fi mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀, tí wọ́n á tún sanwó bíríkìlà lé e. Mo ti san án, mo mọ iye tó jẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍBÒMÍRÀN

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, kó wo Ìbàdàn, tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Mo gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Nǹkan bíi ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó. Nígbà ìkànìyàn 1952, àwọn ará ibẹ̀ ò tíì pé 460,000. Ní 1963 wọ́n lé ní 627,000. Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà ní Ìbàdàn ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ilé ló ń ṣáájú lọ, ọ̀nà ló ń wá a kiri.

Ẹ ó rí nǹkan kan níbẹ̀. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ni mọ́tò ò lè dé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ máa ń rí ẹ̀yìnkùlé àti ojúde agboolé gbà já síbi tó ń lọ. Ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun, mọ́tò ń wọ àdúgbò dáadáa, ẹlẹ́sẹ̀ ni kò rí ibi gbà já. Ti àkọ́kọ́ ṣòro fún tánkà omi, ti èkejì ṣòro fún gbogbo wa. Ẹni tó ń tẹ ìlú dó báyìí lè yẹra fún méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ àgbàrá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òmíràn tún dé. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100, afárá púpọ̀ sì wó. Ibi tí kò bá ní ju afárá kan lọ, bó bá wó, ẹ̀yin òdìkejì ti há nìyẹn: ọjà ò lè jáde, aláìsàn ò lè jáde. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá Ìbàdàn wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àgbàrá yìí, kíkọ́ afárá sì wà lára iṣẹ́ náà. Ẹ̀yáwó ni o, a óò san án padà.

Àwa tá a wà láàárín òkè, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òkúta kì í mu omi. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí òkè, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ọ̀nà tó já tó sì ní gọ́tà, omi á gbà á lọ. Ọ̀nà tí ògiri dí ní ìdí, inú yàrá ẹni tó kọ́lé sí ìdí ọ̀nà yẹn lomi máa sùn.

Ẹ wo Èkó náà, ní Lẹ́kí, níbi tí àwọn olówó ń gbé. Títì ńlá kan ló gba àárín rẹ̀ lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀sìteètì wà lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú pẹ̀lú géètì tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì já síra wọn. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rí òrùlé ilé rẹ̀ lókèèrè, ó di dandan kó jáde sí títì ńlá yẹn, kó tó súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tán, kó tún wọ géètì mìíràn. Ilé wọn rẹwà ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò, àwa ò ní irú ẹ̀, kí á má sì fọwọ́ ara wa rà á.

Ẹ̀ka kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti ìlú. UN-Habitat ni wọ́n ń pè é, Nairobi ní Kẹ́ńyà ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìlú jẹ́ ti títì, kí títì tó wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan ní ìbú àti kìlómítà kan ní òòró má dín ní kìlómítà 18. Àwa ńkọ́? Bí ẹ bá padà sílé lónìí, kí kálukú wo àdúgbò rẹ̀, kó dá ara rẹ̀ lóhùn.

OLÈ ŃKỌ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú. Wọ́n ní, "Ìyá, bí ọ̀nà bá já, olè á máa gbà á." Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, pàápàá lákòókò yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ronú ẹ̀. Ibi tí ojú èèyàn ò sí ni olè fẹ́ràn. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, tí ìyá ẹlẹ́kọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú ń ṣọ́ ọ lófẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀rù alẹ́ bá ń bà yín, kí àdúgbò gbé géètì sí ọ̀nà kékeré, kí ọdẹ tì í lóru, kó ṣí i láàárọ̀. Géètì ní kọ́kọ́rọ́. Ògiri ò ní.

Àwọn mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ní, "Ilẹ̀ ni ogún wa, kí ló dé tá a fi máa fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?" Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta plọ́ọ̀tì tí mọ́tò ń dé, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta èyí tó wà lẹ́yìn ògiri ẹlòmíràn. Ẹni tó fi ọ̀nà sílẹ̀ ń ta ìyókù lówó gidi.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí ètò ìlú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé okùn onílẹ̀ máa ń dé inú oko ṣáájú ìjọba. Ìgbà tí ìjọba máa fi dé, ọ̀dà pupa ni wọ́n ń gbé dání láti kọ ọ́ sára ilé pé a ó wó o. Ilé ta ni wọ́n ń wó? Ilé ẹni tó ti fi owó àjọ kọ́ ọ tán.

Kí á tó ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí á wo inú ọjà wa náà. Àwa la ń gbé tábìlì wá síwájú díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, títí alábàárù ò fi rí ibi kọjá. Ìlà tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di ibi tí èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Iná ọjà ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni o.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN SÍ

Àwa obìnrin ọjà náà ń ra ilẹ̀ báyìí. Àwa là ń fowó kún owó ọkọ, àwa là ń rà fún ọmọ. Ẹni tó ń sanwó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín sí nǹkan mẹ́rin.

1. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ibẹ̀ dé òpin. Ẹ bi wọ́n pé, "Níbo ni ọ̀nà yìí já sí?" Bí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ wá já, ẹ ní kí wọ́n fà á sínú ìwé tí awọnlẹ̀ yà, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹnu lásán ni.

2. Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ bá gba inú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ máa san.

3. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan láti ìsọ̀rí ọjà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n rin gbogbo ọ̀nà tó wọ ọjà wa, ńlá àti kékeré, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èyí tó ṣí, èyí tó ti dí, èyí tí wọ́n ń dí lọ́wọ́. Kí á mú ìwé yẹn lọ bá ọba wa àti ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá kàn lọ kígbe, wọ́n á ní kí á máa lọ, àwọn ti gbọ́. Bí a bá mú ìwé dání, wọ́n á jókòó tì wá.

4. Ẹni tó bá ti mọ ògiri dí ọ̀nà, kó wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. A ò ní dójú tì í. A ó bá a bẹ ẹni tó múlé tì í, kí kálukú fi díẹ̀ sílẹ̀. Èmi fúnra mi á tẹ̀ lé yín lọ, torí mo mọ bí ẹ̀bẹ̀ oṣù mẹ́rin ṣe rí.

Mi ò ní pẹ́ jù báyìí. Iṣu tuntun ń bọ̀ lọ́nà, a óò tún rí àwọn ìyá abà tí wọ́n máa jí ní ìdájí, tí wọ́n á ru ẹrù kọjá láàárín òkè wọ̀nyí. Kí wọ́n má bá ògiri.

Ọ̀nà wa ò ní dí o. Ajé á máa rí ọ̀nà gbà wọlé.